Jímọ̀ Oníṣẹ́ Àga àti Àìsàn Tí A Pè Ní Jẹ̀díjẹ̀dí

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àbúrò mi ọkùnrin fún yín, Jímọ̀ tó ń ṣe àga ní Okokomaiko. Kì í ṣe pé ó ṣe ohun ńlá kan láyé o. Kò joyè, kò kọ́lé alájà. Àga ló ń tún ṣe. Àga onífóòmù tó ti rì láàárín, tí ẹ bá jókòó lé e tí ìdí yín máa lọ kan igi, òun lẹ máa gbé e lọ fún. Á tú u, á pààrọ̀ fóòmù, á fi aṣọ tuntun bò ó, ẹ ò ní mọ̀ pé àga àtijọ́ ni. Ọdún kẹtàlélógún rèé tó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, nítòsí ibi tí àwọn mọ́tò Àgbádárìgì ti ń pe èrò.

Ọdún márùn-ún ni mo fi jù ú lọ. Èmi ni mo máa ń pọ̀n ọ́n ní Ìlaròó nígbà tí ìyá wa bá lọ sóko, kí bàbá wa tó kó gbogbo wa wá sí Ìbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo mọ́ ọn títí dòní. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún díẹ̀, ó níyàwó, ó bímọ, ṣùgbọ́n tí mo bá pe "Jímọ̀!" báyìí, ó mọ irú ohùn tó jẹ́.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí àwọn oníbàárà fi máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìdun ni. Ẹ ò mọ ohun tó ń gbé inú àga yín. Jímọ̀ ti rí bírò níbẹ̀, ó ti rí eyín ọmọdé, ó ti rí òrùka ìgbéyàwó obìnrin kan tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti torí ẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n ìdun ló pọ̀ jù. Àwọn oníṣẹ́ mìíràn máa ń fọ́n oògùn sí i, wọ́n á rán aṣọ tuntun lé e lórí, ó parí. Jímọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní oògùn ń pa àwọn tó ń rìn, kì í pa ẹyin wọn. Ẹyin ìdun kéré, ó funfun, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ojú ìrán àti inú ihò ìṣó. Ẹ lè fọ́n oògùn títí ilé á fi máa rùn, ẹ ò ní rí ìdun kankan fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ó máa yọ̀. Ẹ ó tún wá gbé àga yẹn fún ọmọ yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá, ilé ọmọ náà sì ti di ilé ìdun nìyẹn.

Nítorí náà, bí Jímọ̀ bá ṣe àga yín tán, tó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, á wá kan ilẹ̀kùn yín. Ẹ ò pè é o. Á mú tọ́ọ̀ṣì dání, á kúnlẹ̀, á máa yẹ ojú ìrán wò. Màmá kan wà ní Ọ̀tọ̀-Àwórì tó bi í pé, "Jímọ̀, ṣé ọmọ mi lo fẹ́ fẹ́ ni, tó o fi ń wá kiri ilé mi?"

Ó ní, "Mọ́mì, ìdun ni mo wá kí. Ẹ bá mi kí ọmọ yín."

Irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn. Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣe é.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìyàwó rẹ̀, Ṣọlápé, wá bá mi nílé ní Ìbà, ó ní ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ ọkọ òun jáde. Ó ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run dárí jì mí, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Kí lo fẹ́ kó ṣe? Ẹni tó ń fi mínírà sin búrẹ́dì lójoojúmọ́! Jẹ̀díjẹ̀dí ni." Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ ọ́. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ti yọ nídìí ẹni, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Tí ìdí bá ń dun èèyàn, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Tí ẹ̀yìn bá ń ro ó, òun náà ni. A ò tún béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Èmi fúnra mi ni mo lọ ra àgbo fún un lọ́wọ́ ìyá kan ní Ìyànà-Ìbà. Ìgò ńlá ńlá. A gba ṣúgà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, a gba mínírà, ó ń mu gààrì lásán bí ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ. Nígbà tó bá ń mu àgbo náà, ojú rẹ̀ máa ń rún jọ.

"Àǹtí mi, àgbo yín yìí korò ju ẹnu yín lọ o."

"Mu ún jàre. Bó ṣe korò tó ló ṣe ń ṣiṣẹ́ tó."

Ẹ̀jẹ̀ náà á dá fún ọjọ́ mélòó kan, a ó ní àgbo ti ṣiṣẹ́. Á tún dé, a ó ní ó ti lọ jí mínírà mu. Oṣù mọ́kànlá la fi wà lórí ìyẹn. Ìgbẹ́ rẹ̀ wá di tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn bàtà. Lónìí inú á há, lọ́la á ṣí gbuurugbu. Ó lu ihò tuntun sí bẹ́líìtì rẹ̀, ó tún lu òmíràn. Mo rí gbogbo ẹ̀. Mo sọ pé àìjẹ ṣúgà ló jẹ́ kó rù.

Ìgbà tó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tó ń tú lọ́wọ́ ni wọ́n tó gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i, wọ́n ti kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ìdí rẹ̀ wọlé, wọ́n sì rí i. Jẹjẹrẹ ni. Inú ìfun ńlá ló wà, apá òsì, ó ti dí ọ̀nà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Dókítà Fọláyẹmí, obìnrin kan tí kì í sáré sọ̀rọ̀, ló sọ ọ́ fún wa. Mo bi í pé, ṣé kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí ni? Ó wò mí títí, ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ béèrè ìyẹn lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ yìí."

Wọ́n gé e. Wọ́n gé ìfun tó bàjẹ́ kúrò, wọ́n so orí méjèèjì tó kù pọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ń fa oògùn sí i nínú iṣan fún oṣù mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù. Oògùn yẹn le. Ìka ọwọ́ rẹ̀ kú tipiri, kò lè fọwọ́ kan omi tútù, abẹ́rẹ́ ìránṣọ ń jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìmọ̀. Ẹni tó lè rán ojú àga lójú dídì! Mo bá a lọ́jọ́ kan tó ń ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, tó ń ṣa á tí kò rí i mú, mo yí padà, mo ṣe bí ẹni pé mò ń ra nǹkan lọ́dọ̀ onírèké iwájú.

Nígbà tí oògùn parí tí ara rẹ̀ sì ń padà bọ̀, a ṣe sàárà. Ṣọlápé dín àkàrà níwájú ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀, ó fi ẹ̀kọ sí i, a pín in fún gbogbo àwọn awakọ̀ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó wà ládùúgbò. Lèmọ́mù ṣàdúà. Jímọ̀ sanra díẹ̀, ó tún ń ṣe yẹ̀yẹ́ èèyàn. Mo sọ lọ́kàn mi pé ó ti parí.

Ṣùgbọ́n Dókítà Fọláyẹmí ti sọ fún un pé, lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, kó máa wá kí àwọn máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó lọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní ó dáa. Nígbà tí ìkejì pé, kò lọ.

Mo ní, "Jímọ̀, ọjọ́ ọsibítù ti kọjá."

Ó ní, "Àǹtí mi, a ti ṣe sàárà."

"Kí ni sàárà ní í ṣe pẹ̀lú ẹ̀?"

"Èèyàn á dúpẹ́ tán lọ́wọ́ Ọlọ́run, á wá tún máa lọ yọjú wò bóyá Ọlọ́run ṣe é dáadáa? Ẹ fi mí sílẹ̀, ara mi le."

Ọ̀rọ̀ yẹn jọ òótọ́ létí mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mi ò ti sinmi mọ́. Tó bá ń jẹun, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Tó bá ní oúnjẹ ti tó, mo ń ka iye òkèlè tó jẹ. Mo ń wo funfun ojú rẹ̀ bóyá ó ti ń pọ́n bí òróró. Mo wo bẹ́líìtì rẹ̀ títí tó fi ní, "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ gbà á ni?"

Nínú ilé bàbá wa ní Ìbà, mo fún àwọn ọmọ yunifásítì ní yàrá méjì. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Kíkẹ́lọmọ, ọmọ jẹ́jẹ́, ìwé ló ń kà ṣáá. Ọdún tó máa fi jáde ló wà, ó sì sọ fún mi pé iṣẹ́ tí wọ́n ní kí òun kọ dá lórí jẹjẹrẹ ìfun, bó ṣe máa ń ti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Ìgbà tó sọ ọ́, mo sá wọlé. Mi ò fẹ́ gbọ́. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí n tó padà lọ bá a níbi tó ti ń fọ aṣọ.

"Ọmọ mi, tí wọ́n bá ti gé nǹkan dànù, tí wọ́n tún fi oògùn lé e, ibo ló tún ń gbà padà wá?"

Ó nu ọwọ́. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ti Bùọ̀dá Jímọ̀ ni? Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara wọn."

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, Jímọ̀ wá kí mi. Mo gbé ẹ̀wà síwájú rẹ̀, mo pe Kíkẹ́lọmọ.

Jímọ̀ ní, "Ọmọ yunifásítì! Ṣé wọ́n ti fún yín ní iná nínú ọgbà yín, àbí ẹ ṣì ń fi tọ́ọ̀ṣì kàwé?"

"Bùọ̀dá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mọ́mì ní kí n ṣàlàyé nǹkan kan fún yín."

Ó wò mí. Mo ń wo òrùlé.

Ọmọ náà jókòó, ó fara balẹ̀. Ó ní jẹjẹrẹ kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo, sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tí ojú ò lè rí ló kóra jọ di í. Ó ní gbogbo wọn kọ́ ló lágbára kan náà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, tí wọ́n bá já bọ́ síbòmíràn, wọn ò lè dá nǹkan kan ṣe, wọ́n á kú. Ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ wà láàárín wọn tó dà bí ìyá. Ẹyọ kan péré nínú wọn lè bí gbogbo ìyókù lákọ̀tun. "Oògùn tí wọ́n fà sí yín lára, Bùọ̀dá, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń yára pọ̀ sí i ló máa ń pa jù. Àwọn ìyá yìí lè sùn sílẹ̀, kí wọ́n má ṣe nǹkan kan. Oògùn á gba orí wọn kọjá."

Jímọ̀ gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Wọ́n sì lè bá ẹ̀jẹ̀ rìn. Ẹ̀jẹ̀ tó bá kúrò ní ìfun, ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ ń gbà kọjá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ ni wọ́n sábà máa ń sùn sí. Mi ò sọ pé ti yín rí bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í padà sí lára rárá. Àwọn olùkọ́ wa gan-an ṣì ń jiyàn lórí àwọn ìyá sẹ́ẹ̀lì yìí. Àwọn kan ní sẹ́ẹ̀lì lásán náà lè yí padà di ìyá. Ṣùgbọ́n torí pé ẹnì kankan ò lè fi ojú lásán rí wọn ni wọ́n ṣe ní kí ẹ máa padà wá."

Jímọ̀ ti abọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wá ní, "Ẹyin ni."

Kíkẹ́lọmọ ní, "Ẹyin kẹ̀?"

"Ẹyin ìdun. Oògùn pa àwọn tó ń rìn, ẹyin kù nínú ihò ìṣó. Wọ́n wá gbé àga lọ sílé ẹlòmíràn." Ó tẹjú mọ́ ọmọ náà. "Ìwọ ọmọ yìí, ohun tó ò ń sọ fún mi ni pé èmi ni àga?"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi. Ìgbà tí mo wo ojú rẹ̀ ni mo gbé e mì. Inú ti bí i. Ó dìde, ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ gbà á síṣẹ́ oníwàásù, àbí? Ẹ ṣé, mo ti yó." Ìdajì ẹ̀wà ṣì wà nínú abọ́. Ó jáde.

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò gbé fóònù mi. Mo pe Ṣọlápé, ó ní ọkọ òun kì í bá òun sọ̀rọ̀, pé ó kàn ń na ọwọ́ kan apá ọ̀tún inú rẹ̀ lábẹ́ ìhà, níbi tí ẹ̀dọ̀ wà, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́. Mo ń bú ara mi pé mo ti kó ìbẹ̀rù sí i lára lásán.

Ní ọjọ́ kẹrin, ní àárọ̀, mo rí i lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó máa ń wọ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí.

"Ẹ wọṣọ. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Mi ò bi í ní ìbéèrè kankan, kó má baà yí ọkàn padà. Inú mọ́tò ló ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó ní òun lọ yẹ àga kan wò lánàá ní Ọ̀jọ́, òun kúnlẹ̀, òun tan tọ́ọ̀ṣì, ni ọkọ ilé náà bá dúró lé òun lórí, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ṣe é, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ò gbà pé ó ti tán?" Ó ní ó dà bí ọ̀rọ̀ tí òun sọ fún mi nípa sàárà. Ó ní òun kàn pa tọ́ọ̀ṣì, òun sì lọ sílé.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, wọ́n ní nǹkan kan tí wọ́n ń wò nínú ẹ̀jẹ̀ ti ga ju bó ṣe yẹ lọ, kó lọ ya síkáànì. Ó ya á lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n ní ká padà wá gba èsì ní ọjọ́bọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́bọ̀ gùn ju ọdún lọ. Mo se ọbẹ̀, mo gbàgbé iyọ̀. Mo fọ aṣọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà, tí fóònù bá dún, mi ò ní fẹ́ gbé e, tí kò bá dún, mi ò ní fẹ́ fi sílẹ̀. Kíkẹ́lọmọ náà ò lè wò mí lójú, ó ń gba ẹ̀yìn ilé wọlé. Mo pè é, mo ní kó wá jẹun, kò jẹ̀bi. Mo bi í pé tó bá ti wà ní ẹ̀dọ̀, ṣé ó ti parí nìyẹn? Ó ní, "Rárá, Mọ́mì. Tó bá kéré, tó sì wà lójú kan, wọ́n lè gé e. Ẹ̀dọ̀ máa ń hù padà." Mo dì í mú síbẹ̀ pé kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Ní ọjọ́bọ̀, èmi àti Jímọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú yàrá dókítà. Ṣọlápé dúró ti àwọn ọmọ nílé. Mi ò mọ ohun tó ṣí mi lẹ́nu.

Mo ní, "Jímọ̀, èmi ni mo gbé àgbo yẹn fún ẹ. Oṣù mọ́kànlá. Ká ní mi ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn ni."

Kò wò mí. Ó ń wo àwọn tó wà níwájú wa lórí ìlà. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò lè máa fi ọwọ́ kan pẹ̀tù sí yín nínú, kí n máa fi ìkejì di inú tèmi mú."

"Mo mọ̀. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni."

"Ẹ ti sọ ọ́." Lẹ́yìn náà ló wá fi èjìká kàn mí. "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí wọ́n á sọ. Tó bá burú, mo máa bú yín dáadáa."

Wọ́n pè wá wọlé. Dókítà Fọláyẹmí gbé àwòrán náà síwájú iná, gbogbo ẹ̀ dúdú àti eérú lójú mi. Ó fi bírò tọ́ka sí etí ẹ̀dọ̀. Ó ní ohun kan wà níbẹ̀, kò tóbi ju hóró ẹ̀pà lọ. Ó ní ó dá àwọn lójú pé láti inú ìfun ló ti wá.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ "Háà", èmi ni.

Jímọ̀ ní, "Ṣé ẹyọ kan ni?"

"Ẹyọ kan la rí."

"Ẹ sọ pé ẹ rí. Mo gbọ́. Ṣé ẹ lè gé e?"

"A lè gé e, ó wà níbi tí ọwọ́ lè tó. Lẹ́yìn ẹ̀, a lè tún fa oògùn sí yín. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín, Ọ̀gá Jímọ̀. Òmíràn lè ti sùn síbi tí síkáànì ò lè rí. A máa máa wò ó ni."

"Tí mi ò bá wá ńkọ́? Ká ní mi ò wá?"

Dókítà náà ní, "Tó bá di oṣù mẹ́fà sí àsìkò yìí, ó ṣeé ṣe kó má ṣeé gé mọ́."

Ó ní ká lọ gba ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ní fèrèsé kan nísàlẹ̀, kí wọ́n tó tì í ní aago méjì. A jáde. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Jímọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó pe ìyàwó rẹ̀.

"Ṣọlápé. Ó wà níbẹ̀ o… Ẹ̀dọ̀… Rárá, ẹyọ kan ni… Wọ́n á gé e, mo ní wọ́n á gé e. Kékeré ni… Fetí sílẹ̀, jẹ́ kí n sọ̀rọ̀… Má sunkún lórí fóònù, ó máa ń jẹ́ kí tèmi náà fẹ́ wá, àwọn èèyàn sì ń wò mí… Àǹtí wà níbí. Wọ́n jókòó sílẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n gba àkàrà lọ́wọ́ ẹ̀… Ó dáa. Ó dáa. Jẹun o."

Ó fi fóònù sápò. Ó nà mí lọ́wọ́. Ìka rẹ̀ ò tíì sàn tán, mo rí i pé kò mọ̀ bóyá òun ti dì mí mú, nítorí náà èmi ni mo di tirẹ̀ mú.

"Àǹtí mi, ẹ dìde. Aago kan ààbọ̀ ti kọjá."

A sọ̀kalẹ̀ lọ sídìí fèrèsé náà. Èèyàn mọ́kànlá ló wà níwájú wa, aago méjì sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Mo ka wọn lẹ́ẹ̀mẹta.